Ta Ni Adájẹun Ń Bá Jẹun?

Nínú èdè wa, ẹni tí ó bá dá jẹun ti jẹ̀bi kí a tó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Bí àlejò bá bá wa nídìí oúnjẹ, ohun tí ẹnu wa kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé, 'Ẹ wá bá wa jẹun.' Àlejò náà, bí ebi tilẹ̀ ń pa á, lè dáhùn pé yóò gba ibi ire, kí ó sì máa bá ọ̀rọ̀ tí ó gbé e wá lọ. Ẹni tí kò bá pe ẹlòmíràn báyìí, ahun ni a ń pè é, inú àlọ́ Ìjàpá ni a sì ti ń wá àpẹẹrẹ ìwà rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé ìlú ńlá kan wà tí àìmọye ènìyàn ti ń dá jẹun lójoojúmọ́, ní gbangba, láìtijú, láìkí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìdájọ́ a máa yá wa lẹ́nu. A ó ní ìwà ọmọlúàbí ti tán níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni kí n dá ìdájọ́ náà dúró díẹ̀. Ìlú tí mo ní lọ́kàn ni Tokyo, olú-ìlú Jàpáànì, pẹ̀lú àwọn ìlú ńlá mìíràn ní ilẹ̀ náà bí Osaka àti Fukuoka. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ará Jàpáànì nìkan, nítorí ìbéèrè nípa ohun tí oúnjẹ jẹ́ láàrin ènìyàn àti ènìyàn ni. Ṣé jíjókòó yí àwo kan ká ni ó ń sọ ènìyàn méjì di alájọjẹ, àbí ohun mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí wọ́n ti ń jẹun náà. Ní ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ ojú irin ní Tokyo, a ó rí búkà kékeré tí kò ní àga. Soba ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Oúnjẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn bí okùn ni, ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ṣe é, inú omi ọbẹ̀ gbígbóná ni wọ́n sì ń bù ú sí. Ẹbí kan náà ni òun àti èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní índómì. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Oníbàárà yóò ki owó bọ̀ ọ́, yóò tẹ ibi tí a kọ orúkọ oúnjẹ tí ó fẹ́ sí, ẹ̀rọ yóò sì ti tíkẹ́ẹ̀tì jáde. Yóò gbé tíkẹ́ẹ̀tì náà lé orí pẹpẹ. Kò ní pẹ́ tí abọ́ yóò fi dé. Ní ìdúró ni yóò jẹ ẹ́, yóò sì máa fà á sẹ́nu pẹ̀lú ariwo, nítorí pé ní ti soba, ariwo fífà kì í ṣe àìmọ̀wàáhù lọ́dọ̀ wọn. Láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti tán. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé abọ́ padà sórí pẹpẹ. Yóò sọ gbólóhùn kan, ẹni tí ń se oúnjẹ yóò dá a lóhùn láti ẹ̀yìn ooru ìkòkò, ó di inú ọkọ̀. Kò ní fi owó kankan lé owó oúnjẹ fún ẹni tí ó bù ú fún un, nítorí àṣà bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni méje tàbí mẹ́jọ lè wà lórí ìdúró bẹ́ẹ̀, kí èjìká máa kan èjìká, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì bá ẹnìkejì sọ ọ̀rọ̀ kan.

Àwọn mìíràn ti ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ilé oúnjẹ Ichiran, tí orírun wọn jẹ́ Fukuoka, fi pátákó dí ọ̀tún àti òsì oníbàárà kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá ya àwọn tí ń ṣe ìdánwò sọ́tọ̀ kí wọ́n má baà jí ìwé ara wọn wò. Láti abẹ́ ìkélé tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ọwọ́ kan ti ń gbé abọ́ ramen sí i. Kò rí ojú ẹni tí ó ni ọwọ́. Wọ́n ní kí ọkàn oníbàárà lè wà lára adùn oúnjẹ nìkan ni. Ìwé ìtàn aláwòrán kan tilẹ̀ wà, Kodoku no Gurume ni orúkọ rẹ̀, tí Kusumi Masayuki kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tí Taniguchi Jirō sì ya àwòrán rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1994, ó sì di eré tẹlifíṣọ̀n ní 2012. Olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ kò jagun, kò sì wá ìyàwó. Oníṣòwò kan ni tí ebi ń pa lẹ́nu iṣẹ́, tí ó wọ ilé oúnjẹ tí kò dé rí, tí ó dá jẹun, tí ó ń bá ọkàn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó wà lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìtàn náà kò ju báyìí lọ, síbẹ̀ àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ débi pé eré náà ń padà wá láti ọdún dé ọdún.

Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ẹ̀sùn tí a fi ń kan ahun gan-an. Ahun ti ilẹ̀kùn mọ́rí nítorí pé ẹnìkan wà níta tí ó yẹ kí ó bá a jẹ. Bí kò bá sí ẹni náà níta, ilẹ̀kùn títì kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú. Yorùbá ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Àwọn tí ó máa ń pa òwe yìí lórí adájẹun sábà máa ń gbàgbé apá kejì rẹ̀: àìní ẹnìkan ni òwe náà ń dárò, kò ka iye ọwọ́ tí ó wà nínú àwo. (Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ lo òwe nínú ìdánwò, kí ó rí i dájú pé òun ti gbọ́ òwe náà dé ìparí.) Bí a bá fi òwe yìí wọn àwọn ènìyàn méje tí ó wà nídìí pẹpẹ soba, olúkúlùkù wọn ní tirẹ̀, kò sí ẹni tí ó fi ebi pa ẹlòmíràn. A lè dá wọn láre nínú ẹ̀sùn ahun. Ṣùgbọ́n kí a dá ènìyàn láre nínú ẹ̀sùn ahun kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí a sọ pé ó ní alábàájẹ.

Kí a tó lọ síbẹ̀, ìtàn ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn ará Jàpáànì fúnra wọn, gbà pé ayé àtijọ́ jẹ́ ayé àjọjẹ, pé ìgbà ọ̀làjú ni ó tú gbogbo rẹ̀ ká. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Jàpáànì, olúkúlùkù ni ó ní àpótí oúnjẹ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hakozen. Abọ́ rẹ̀ àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ó fi ń jẹun wà nínú rẹ̀. Bí àkókò oúnjẹ bá tó, yóò yí ìdérí àpótí náà padà, ìdérí yóò sì di tábìlì kékeré níwájú rẹ̀. Bàbá ní ààyè tirẹ̀, ọmọ ní tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ipò olúkúlùkù. Ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ nídìí oúnjẹ. Lẹ́yìn èyí ni tábìlì rọ̀bọ̀tọ̀ kúkúrú tí ń jẹ́ chabudai wọ ilé àwọn ará ìlú, tí ìyá, bàbá àti ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó yí i ká. Ẹni tí ó bá ń ṣọ̀fọ̀ tábìlì ẹbí, ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ ni ó ń ṣọ̀fọ̀. Títí di òní, nínú ilé tí ẹbí ti ń jẹun pọ̀, olúkúlùkù mọ abọ́ ìrẹsì rẹ̀ àti igi ìjẹun rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń pààrọ̀.

Jíjẹun nígboro pàápàá kì í ṣe ohun àná. Kí Tokyo tó gba orúkọ yìí ní 1868, Edo ni à ń pè é. Ní 1635, ìjọba àwọn Tokugawa sọ ọ́ di òfin kí àwọn olóyè ńláńlá máa wá gbé Edo ní àkókò-àkókò, pẹ̀lú àwọn ẹmẹ̀wà wọn. Ní 1657, iná ńlá jó ìlú náà, iṣẹ́ kíkọ́ ilé sì pọ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí yóò fi di ọ̀rúndún kejìdínlógún, Edo ti ní nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn, ọkùnrin sì pọ̀ níbẹ̀ ju obìnrin lọ. Ọkùnrin tí kò ní ìyàwó, tí ó ń gbé yàrá kan ṣoṣo, níbo ni yóò ti jẹun bí kò ṣe nídìí ìsọ̀ olóúnjẹ? Soba, tempura, àti irú sushi tí wọ́n ń fi ọwọ́ mọ, èyí tí ó gbajúmọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oúnjẹ ìsọ̀ ni wọ́n kí àwọn ọlọ́lá tó gbà wọ́n mọ́ra. Àwọn ohun tí ó tẹ̀ lé e kò ṣòro láti tò. Ní 1958, ní agbègbè Osaka, Shiraishi Yoshiaki ṣí ilé sushi tí ìgbànú ẹ̀rọ ti ń gbé àwo oúnjẹ yípo níwájú àwọn oníbàárà. Ibi tí wọ́n ti ń rọ bíà sínú ìgò ni ó ti rí irú ìgbànú bẹ́ẹ̀. Ní ọdún yìí kan náà ni Andō Momofuku gbé ramen tí a ń fi omi gbígbóná lásán sè jáde ní Ikeda, ó sì gbé ti inú ife jáde ní 1971. Ní 1974, ṣọ́ọ̀bù Seven-Eleven àkọ́kọ́ ní Jàpáànì ṣí ní Tokyo. Irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ti ìlẹ̀kùn tọ̀sán tòru, ni àìmọye ènìyàn ti ń ra ìṣù ìrẹsì tí a fi ewé inú òkun wé. Gbogbo ohun wọ̀nyí kò dá àdájẹ sílẹ̀. Wọ́n kàn mú un rọrùn sí i ni.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a padà sórí gbólóhùn tí oníbàárà soba sọ kí ó tó lọ. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí oúnjẹ ní Jàpáànì, bí òpó méjì lẹ́nu ọ̀nà. Kí ènìyàn tó jẹun, ọ̀pọ̀ wọn a máa pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì wí pé, 'Itadakimasu.' Bí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, a ó ní, 'Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ gbà á.' Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ẹni ìsàlẹ̀ ń lò ni, nígbà tí ẹni tí ó jù ú lọ bá fún un ní nǹkan. Ìtumọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ni kí a gbé nǹkan lé orí. Ẹni tí ó bá ti rí ọmọ Yorùbá tí ó kúnlẹ̀, tí ó fi ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kò tún nílò kí a túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á ní, 'Gochisōsama.' Àmì méjì tí wọ́n fi ń kọ chisō tí ó wà láàrin ọ̀rọ̀ náà, eré sísá ni àwọn méjèèjì túmọ̀ sí, àkọ́kọ́ nínú wọn sì jẹ mọ́ ẹṣin. Ó jẹ́ bí ẹni pé a ń kí ẹni tí ó sáré síhìn-ín sáré sọ́hùn-ún, tí ó wá ẹja, tí ó wá ewébẹ̀, kí àlejò tó lè rí nǹkan fi sẹ́nu.

Ohun tí ó wú mi lórí jù nípa ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni pé kò sí olùgbọ́ kan pàtó tí a lè fi ìka tọ́ka sí. Àwọn kan ní ẹ̀mí ẹja àti ti ewébẹ̀ tí ó ti di oúnjẹ ni à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ní àgbẹ̀ ni, tàbí apẹja, tàbí ẹni tí ó se é. Àwọn ẹlẹ́sìn ní ìdáhùn tiwọn. Ẹni tí ó dá jókòó nínú yàrá rẹ̀ lóru, tí ó ṣí ìdérí oúnjẹ tí ó rà bọ̀, òun náà lè sọ ọ́, kò sì sí ẹni tí yóò rò pé orí rẹ̀ dàrú. Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀?

Ní 2005, wọ́n ka lẹ́tà kan lórí rédíò ní Jàpáànì tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ìyá kan ni ó sọ fún ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọmọ náà máa sọ 'Itadakimasu' nígbà oúnjẹ ọ̀sán, nítorí pé òun ń san owó oúnjẹ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú. Ní tèmi, mo rò pé kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà, nítorí ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ kedere ju bí àwọn ọlọ́gbọ́n ti máa ń gbé e lọ. Ohun tí ó ń béèrè ni pé: bí mo bá ti san owó, kí ni mo tún jẹ, ta ni mo sì jẹ ẹ́? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ẹja inú abọ́ kò gba kọ́bọ̀ nínú owó náà. Ẹni tí ó jí lọ sójú òkun ní òwúrọ̀ kùtùkùtù gba ìpín tirẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó náà kò ṣe ìdí tí ó fi wà lójú òkun ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ di ohun tí kò kàn mí. Owó mi ń jẹ́ kí oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ mi láìjẹ́ pé mo mọ ẹnikẹ́ni. Kò jẹ́ kí n lè wà láàyè láìsí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá gbàgbé ìyàtọ̀ yìí ni ó ń dá jẹun ní tòótọ́, ì báà jẹ́ pé ogún ènìyàn ni ó yí i ká.

Àwọn òkú pàápàá wà nídìí oúnjẹ náà. A kì í fi igi ìjẹun gún ìrẹsì ní òró ní Jàpáànì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìrẹsì síwájú òkú. A kì í sì í fi igi ìjẹun ẹni gba oúnjẹ láti ẹnu igi ìjẹun ẹlòmíràn, nítorí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá sun òkú tán, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹbí ń gbé egungun rẹ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́ sínú ìkòkò. Adájẹun tí kò sí ẹni tí ń wò ó, tí ó sì tẹ́ igi rẹ̀ sílẹ̀ ní ìbú dípò kí ó gún un mọ́ ìrẹsì, ẹnìkan ni ó ń bu ọlá fún.

Ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn kọjá bí ó ti yẹ. Ó rọrùn láti yin àwọn tí a kò rí nígbà tí àwọn tí à ń rí bá wà nílé. Ọ̀rọ̀ kan wà ní èdè Jàpáànì tí yóò fa àwa olùkọ́ èdè mọ́ra: koshoku. Bí a bá gbọ́ ọ létí, ọ̀rọ̀ kan ni. Bí a bá wò ó nínú ìwé, ó kéré tán, méjì ni. Ti àkọ́kọ́ ni kí olúkúlùkù jẹ oúnjẹ tirẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ wà nílé kan náà. Ti èkejì, àmì tí wọ́n fi ń kọ ọmọ òrukàn ni wọ́n fi kọ ọ́: kí ènìyàn jẹun ní àdáwà, láìní ẹnìkan. Etí kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ojú nìkan ni ó lè mọ̀ ọ́n. Mo rò pé bí ọ̀rọ̀ adájẹun ṣe rí gan-an nìyí. Bí a bá dúró ní òkèèrè, ọkùnrin tí ó yàn láti dá jẹ soba rẹ̀ kí ó lè sinmi lọ́wọ́ ariwo ọ̀fíìsì, àti ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ó ń jẹ búrẹ́dì nínú ilé tí iná kan ṣoṣo tàn nítorí pé iṣẹ́ òru ni ìyá rẹ̀ ń ṣe, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Wọn kì í sì í ṣe díẹ̀. Ètò ìkànìyàn ọdún 2020 fi hàn pé nínú ilé 100 ní Jàpáànì, nǹkan bí 38 ni ó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń gbé inú rẹ̀. Ní ti ọdún 2024, àwọn ọlọ́pàá ka àwọn tí ó ń dá gbé tí wọ́n kú sínú ilé wọn. Wọ́n lé ní 76,000, nǹkan bí 58,000 nínú wọn sì ti pé ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ni a gbàgbé. Ọ̀pọ̀ ni a rí láàrin ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó lé ní oṣù kan kí ẹnikẹ́ni tó kan ìlẹ̀kùn. Ẹni bẹ́ẹ̀ ti lè máa sọ 'Itadakimasu' lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ìdúpẹ́ rẹ̀ kò dín kù. Ẹni tí yóò dá a lóhùn ni kò sí.

Ìjọba mọ̀ pé ọ̀ràn wà níbẹ̀. Wọ́n ṣe òfin kan lórí ẹ̀kọ́ oúnjẹ ní 2005. Ní 2021 wọ́n yan mínísítà tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ àdáwà, òfin lórí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Nínú àwọn ètò tí ó tẹ̀ lé òfin 2005, wọ́n fi lélẹ̀ pé kí ẹbí máa jẹ oúnjẹ àárọ̀ tàbí ti alẹ́ pọ̀ tó ìgbà mọ́kànlá ní ọ̀sẹ̀. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n iye ìgbà tí ara mẹ́rin wà nídìí tábìlì kan ni irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lè kà. Ìyá tí ó ń ṣe iṣẹ́ òru kò nílò kí a sọ fún un pé ó dára kí ó bá ọmọ rẹ̀ jẹun.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní àwọn ilé-ìwé wọn tí ó là mí lójú lórí èyí. Láti 1954 ni Jàpáànì ti ní òfin lórí oúnjẹ ilé-ìwé. Nínú kíláàsì ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ fúnra wọn, pẹ̀lú aṣọ funfun àti fìlà, ni wọ́n ń bù ú fún ẹgbẹ́ wọn. Olùkọ́ ń bá wọn jẹ. Wọ́n sì ń sọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ náà pọ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kọjú síwájú, kí wọ́n jẹun láìsọ̀rọ̀. Mokushoku ni wọ́n pè é, jíjẹun ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ìparí ọdún 2022 ni iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tó sọ pé àwọn ọmọ tún lè máa sọ̀rọ̀. Odidi kíláàsì nínú yàrá kan, tí ọmọ kan kò rí ojú ọmọ kejì: ṣé àjọjẹ nìyẹn? Ọ̀pọ̀ òbí kérora, wọn kò sì jẹ̀bi. Síbẹ̀ mo gbà pé àjọjẹ ni. Nítorí èémí ara wọn ni wọ́n fi dákẹ́, olùkọ́ tí ó wà níwájú sì ń rí abọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ kan kò bá jẹun lọ́jọ́ náà, tàbí tí ó bá jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò rí oúnjẹ láti àná, ẹnìkan wà níbẹ̀ tí yóò mọ̀.

Níhìn-ín ni mo rò pé òtítọ́ ọ̀rọ̀ wà. Ìbéèrè tí a máa ń bi adájẹun ni pé, 'Ta ni ó ń bá ọ jẹun?' Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ìlú ni pé, 'Bí ẹni yìí kò bá wá jẹun lọ́la, ta ni yóò béèrè rẹ̀?' Nínú àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké tí ọkọ àti aya ń ṣe ní àdúgbò, oníbàárà tí ó ti ń wá fún ìgbà pípẹ́ ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, jōren. Ó lè jẹ́ pé kò ju gbólóhùn méjì lọ tí ó ń sọ láti ìgbà tí ó bá wọlé títí tí yóò fi jáde. Ṣùgbọ́n àga rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù nínú ayé tuntun ni pé irú ojú bẹ́ẹ̀ ń dín kù. Láti 2021 ni àwọn ilé oúnjẹ Skylark ti ń lo ẹ̀rọ tí ó ní ojú ológbò láti gbé àwo lọ bá oníbàárà. Ẹ̀rọ náà a máa kí ènìyàn, kò sì láìfí. Kò kàn ní ìdí láti ṣàníyàn bí àga kan bá ṣófo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra ni.

Ní 2012, ní àdúgbò Ota ní Tokyo, obìnrin kan tí ó ń ta ewébẹ̀, Kondo Hiroko, bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ fún àwọn ọmọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni ó sọ fún un pé ọmọ kan wà ní ilé-ìwé òun tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí ó jẹ́ pé yàtọ̀ sí oúnjẹ ilé-ìwé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ń jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé ojú olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ rí i. Kodomo shokudo ni wọ́n ń pe irú ibẹ̀, ilé oúnjẹ àwọn ọmọ. Àwọn ará ìlú mìíràn fi ṣe àwòkọ́ṣe, olúkúlùkù ní àdúgbò tirẹ̀, títí tí iye irú ibẹ̀ ní gbogbo Jàpáànì fi lé ní 10,000 ní 2024. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba àwọn òbí àti àwọn arúgbó náà wọlé. Àwọn kan ń gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ àgbà, wọn kì í gba ti ọmọdé. Nígbà tí wọ́n sì bi Kondo pé kí ni ìtumọ̀ orúkọ tí ó fún ibẹ̀, àlàyé rẹ̀ kò sọ pé ibi tí ọmọ kò ti ní dá jẹun mọ́ ni. Ó ní ibi tí ọmọ lè dá wá, ní òun nìkan, láìfòyà.